Ẹ Bi Ìyá Alákásẹ́ẹ̀tì: Ọ̀rọ̀ Eedris, ọmọ Ajénifújà

Nínú ìwé ìròyìn oṣù tó kọjá, gbólóhùn kan péré ni mo fi dárúkọ Eedris Abdulkareem. Mo pè é ní ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó ń kọ ràápù, mo sì bá ọ̀rọ̀ mi lọ. Lẹ́tà tó tìdí ẹ̀ jáde pọ̀ ju èyí tí mo gbà lọ́jọ́ tí mo dá sí ìjà àwọn onífújì. Nítorí náà, òun la ó fi gbogbo ojú ewé yìí jíròrò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń béèrè orin Àyìnlá Ọmọwúrà, ẹ ṣe sùúrù fún mi di oṣù tó ń bọ̀.

Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Alákásẹ́ẹ̀tì. Níbi ìkómọ kan ní Òkèsà, ọ̀rọ̀ yín dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín èmi àti àbúrò ìyàwó mi. Ó ní ọmọ Kano ni Eedris, pé òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ní ọmọ wa ni. Ta ni ká gbà gbọ́? — Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Iléṣà

Ẹ kú àbójútó ìdílé, sà. Àbúrò ìyàwó yín ò purọ́, èmi náà ò sì purọ́. Kano ni wọ́n bí Eedris sí, ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ọdún 1974, ibẹ̀ ló sì mú ní ìpínlẹ̀ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ará Iléṣà ni baba tó bí i, ìyá rẹ̀ sì wá láti ìpínlẹ̀ Ògùn. Orúkọ rẹ̀ ní kíkún ni Eedris Túráyọ̀ Abdulkareem Ajénifújà. Ẹ bá mi bi àbúrò ìyàwó yín léèrè, àdúgbò wo ní Kano ni wọ́n ti ń sọ ọmọ ní Túráyọ̀?

Àwa Ìjẹ̀ṣà kọ́ ló yẹ kí irú èyí yà lẹ́nu. I.K. Dáìró, olórin jùjú tí gbogbo wa ń fi yangàn, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún lóyè MBE ní 1963, Ọ̀fà ni wọ́n bí i sí. Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni ìdílé rẹ̀ ti ṣí lọ. Kò sẹ́ni tó dìde níbi ìkómọ pé ká dá a padà fún àwọn ará Ọ̀fà. Àwọn bàbá wa rìn. Wọ́n gbé aṣọ lórí dé ibi tí ojú ọ̀nà kò tíì dé, wọ́n dé òkè Ọya, wọ́n kọ́lé síbẹ̀, wọ́n bímọ síbẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí sí ìdálẹ̀ lè mú ibi tó dàgbà sí ní ilé, ẹ̀tọ́ ẹ̀ ni. Èmi ò ní bá Eedris jà pé kò mú Iléṣà. Mo kàn ní kí wọ́n má gbàgbé láti kà á tí wọ́n bá ń ka ọmọ wa.

Ẹ káàsán mà. Bàbá mi sọ pé Eedris ló bẹ̀rẹ̀ ràápù ní Nàìjíríà. Mo wá gbọ́ Sakomo, orin rẹ̀ kan, lórí YouTube, ó dà bíi pé ìlù orin Amẹ́ríkà ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ṣé olè kọ́ nìyẹn? — Ọmọ SS3, Iléṣà

Ọmọ mi, etí ẹ dáa. Ìlù Amẹ́ríkà ni lóòótọ́. Bàbá ẹ náà ò purọ́ púpọ̀, ó kàn fi iyọ̀ sí i díẹ̀ ni. Ron Ekúndayọ̀ ti gbé àwo ràápù jáde ní Nàìjíríà láti 1981. Junior àti Pretty ti ń fi píjìn dá wa lẹ́rìn-ín ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Kò sẹ́ni tó gbọ́ Eedris lẹ́nu nígbà yẹn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí 1997 yàtọ̀. Jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe rí nínú ṣọ́ọ̀bù tí mo ń tajà nígbà náà. Ògiri kan jẹ́ ti fújì àti jùjú. Ògiri kan jẹ́ ti àwọn orin ìjọ. Ògiri tí àwọn ọmọ ilé-ìwé máa ń dúró sí, òyìnbó pátápátá ni, 2Pac lókè, Shaggy nísàlẹ̀. Ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ orin Nàìjíríà, orin bàbá ẹ̀ ló máa rà. Ìgbà yẹn ni ọmọkùnrin mẹ́ta kan jáde, Eedris, Tony Tetuila àti Eddy Montana. Wọ́n pe ara wọn ní The Remedies. Wọ́n gbé Sakomo dé, àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá níwájú 2Pac láìwò ó.

Kí ló fà á? Orin náà dùn, ṣùgbọ́n adùn nìkan kọ́. Ní 1994 ni Raypower bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó, òun ni rédíò àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tí kì í ṣe ti ìjọba. Kẹ́hìndé Ògúngbè àti Dayọ̀ Adénẹ́yẹ, tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí Keke àti D1, ń ṣe ètò orin níbẹ̀ àti lórí tẹlifíṣọ̀n AIT. Àwọn méjèèjì yìí kan náà ló dá Kennis Music sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ tó gbé The Remedies jáde. Ṣó o rí i báyìí? Ẹni tó ni àwo ló tún di gbohùngbohùn mú. Àwọn olórin tí kò sí lọ́dọ̀ wọn ráhùn gan-an nígbà yẹn, èmi náà sì rò pé wọ́n ní ẹjọ́ rò. Àmọ́ bí kò bá sí irú ètò bẹ́ẹ̀, mi ò mọ ẹni tí ì bá gbé orin ọmọ tí kò lórúkọ sórí afẹ́fẹ́.

Ní ti ìlù, mi ò ní pè é lólè. Àwọn ọmọ yẹn ò lówó tí wọ́n á fi gba ẹgbẹ́ onílù, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe ìlù lóde òní ò sì tíì wọ́pọ̀. Wọ́n mú ìlù tó wà nílẹ̀, wọ́n da Yorùbá, píjìn àti Gẹ̀ẹ́sì lé e lórí. Ọmọ tó ń ta bọ́ọ̀lì lẹ́nu ọ̀nà mi mọ gbogbo ẹ̀ láti òkè délẹ̀. Kò sí orin 2Pac kan tó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ náà ò pẹ́ tú ká, oníkálukú gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Mo kí yín mà. Ìyá mi máa ń kọ orin kan tó ń jẹ́ Mr. Lecturer nígbàkigbà tí mo bá fẹ́ padà sí Ifẹ̀. Ó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni, àmọ́ mo rí i pé kì í ṣe yẹ̀yẹ́ lásán. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ìtàn orin náà? Ṣé ó tilẹ̀ yí nǹkan kan padà? — Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin, OAU, Ilé-Ifẹ̀

Ọmọ mi àtàtà, ìyá ẹ gbọ́n. Ìkìlọ̀ ló ń ṣe fún ẹ, ó kàn fi orin bò ó.

Ní 2002 ni Eedris gbé orin yẹn jáde, lẹ́yìn tó ti ń dá kọrin. Ó sọ̀rọ̀ nípa olùkọ́ yunifásítì tó ń fi máàkì halẹ̀ mọ́ akẹ́kọ̀ọ́bìnrin, tó ní tí kò bá bá òun sùn, kò ní yege. Kò fi òwe wé e, kò fi ẹ̀dà ọ̀rọ̀ bò ó. Ẹni tí kò tilẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà yunifásítì kọjá rí, tó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ó ti yé e.

Ẹ ò lè mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ nígbà náà. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀. A máa ń sọ ọ́ nínú yàrá, a máa ń sọ ọ́ níbi tí a ti ń dirun. Tọ́mọ bá wá délé tó sọ ọ́ fún àwọn òbí ẹ̀, wọ́n á ní kí ló wọ̀ tó fi rí i bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin tó ń lọ sílé-ìwé máa ń yà ní ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n á ní kí n fi orin yẹn sí i, kí n sì gbé e sókè. Wọn kì í jó sí i, wọ́n kàn máa dúró gbọ́ ọ ni. Mo rántí ọ̀kan tó ra kásẹ́ẹ̀tì náà, tó ní òun ò fẹ́ lo ẹ̀rọ òun, òun fẹ́ kí bàbá òun fi ẹ̀rọ inú pálọ̀ gbọ́ ọ.

O bi mí bóyá ó yí nǹkan padà. Orin kì í rán èèyàn lẹ́wọ̀n. Ọdún 16 lẹ́yìn orin yẹn, ní oṣù Kẹrin 2018, nílé-ìwé yín gan-an ní Ifẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan fi fóònù gba ohùn olùkọ́ kan sílẹ̀ níbi tó ti ń bá a dúnàádúrà lórí máàkì. Gbogbo Nàìjíríà ló gbọ́ ọ. Yunifásítì lé olùkọ́ náà dànù. Nígbà tó di oṣù Kejìlá ọdún yẹn, ilé ẹjọ́ ní Òṣogbo rán an lẹ́wọ̀n ọdún méjì. Ní 2020, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà fọwọ́ sí àbádòfin lórí irú ìwà bẹ́ẹ̀ nílé-ẹ̀kọ́ gíga. Ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ àti ìgboyà ọmọ yẹn ló ṣe iṣẹ́ náà, Eedris kọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bẹ́, àwa tá a ti lé lógójì ọdún kò béèrè pé kí ni wọ́n ń sọ. A ti ní orúkọ kan tí à ń pè é láti 2002.

Fóònù ẹ ńkọ́? Rí i pé iná wà nínú ẹ̀ nígbà gbogbo tí wọ́n bá pè ẹ́ sí ọ́fíìsì.

Ìyá Alákásẹ́ẹ̀tì, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Fóònù ni mo ń tún ṣe lọ́jà Atákúnmọ́sà. Àwọn oníbàárà mi ń sọ pé wọ́n fòfin de orin Eedris ní 2025. Òmíràn ní rárá, ìgbà Ọbásanjọ́ ni. Èwo ló jẹ́ òótọ́? Kí ló sì ń wá tó fi ń bá gbogbo ìjọba jà?

Ìgbà méjèèjì ni, àbúrò.

Àkọ́kọ́ ni Jaga Jaga, ní 2004. Ọmọ ọdún mélòó lo jẹ́ nígbà náà? Nǹkan le. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ NLC ń daṣẹ́ sílẹ̀ lórí owó epo, a ó tilẹ̀kùn ọjà, a ó tún un ṣí, wọ́n á tún ní ká tì í. Eedris wá kọ ọ́ lórin pé orílẹ̀-èdè yìí ti dàrú, pé tálákà ń jìyà. Ààrẹ Ọbásanjọ́ kò mú un mọ́ra rárá, ó bú olórin náà ní gbangba. Wọ́n fòfin dè é pé kí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n má ṣe gbé e sáfẹ́fẹ́ mọ́.

Òfin irú yẹn ní ibi tó mọ. Ó mọ sẹ́nu rédíò. Kò dé gáréèjì, kò dé ilé ijó, kò dé ṣọ́ọ̀bù tèmi. Ẹni tí kò tíì gbọ́ orin náà tẹ́lẹ̀ wá ń béèrè rẹ̀, tó bá dé ọ̀dọ̀ mi, á wo ẹ̀yìn kó tó sọ̀rọ̀, bí ẹni tó wá ra igbó. Ní gbogbo ọdún tí mo fi ta orin, ìkéde kan ò tà fún mi tó ìbínú Ààrẹ. Ọdún tó tẹ̀ lé e, dípò kí Eedris sá lọ, ó gbé àwo mìíràn dé, ó pe orúkọ ẹ̀ ní Letter to Mr. President.

Èkejì ni Tell Your Papa, ní oṣù Kẹrin 2025. Ó ránṣẹ́ sí Ṣèyí Tinubu, ọmọ Ààrẹ, pé kó lọ sọ fún bàbá ẹ̀ bí ìlú ṣe rí, lórí ebi àti lórí àìláàbò lójú ọ̀nà. Àjọ NBC, tó ń darí iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, kọ lẹ́tà jáde pé kí wọ́n má gbé e sáfẹ́fẹ́. Èmi bi ọmọ mi pé rédíò wo gan-an ni wọ́n ń sọ. Orí fóònù tìẹ tó ò ń tún ṣe yẹn ni gbogbo wọn ti gbọ́ ọ.

O ní kí ló ń wá. Bi bàbá ẹ àgbà bó bá ṣì wà láyé, kó sọ bí àwọn Òṣómàáló ṣe ń gba owó. Wọ́n á gbé aṣọ fún ọ láwìn, wọ́n á bá tiwọn lọ. Tó bá di ọjọ́ tí ẹ dá, wọ́n á padà wá, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ. Wọn ò ní dìde. Aládùúgbò á máa kọjá, á máa wò ọ́. Ìtìjú yẹn ló máa gbé owó jáde. Mo gbà pé iṣẹ́ tí Eedris ń ṣe lórí ìjọba nìyẹn láti 2004. Ààrẹ yí padà, ó yí padà, ó tún yí padà. Òun ṣì lóṣòó síbẹ̀.

Láàárín èmi àti ìwọ, kì í ṣe òun ni ahọ́n rẹ̀ yá jù nínú àwọn olórin ràápù. Àwọn tó dé lẹ́yìn ẹ̀, bíi Dagrin àti Olamide, mọ bí wọ́n ṣe ń yí Yorùbá po tí èèyàn á fi rẹ́rìn-ín nígbà kejì tó bá gbọ́ ọ. Eedris ò ní ìyẹn. Ohùn ẹ̀ le bíi ti ẹni tó ń jà nídìí ọkọ̀, ó sì máa ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà léraléra. Àwọn ọ̀dọ́ ń fi ìyẹn bú u. Èmi rò pé òun ló mú kí ọ̀rọ̀ ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gba gbèsè ò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ tí onígbèsè máa ní kò yé òun.

Ṣé òótọ́ ni pé ó bá 50 Cent jà nínú bàálù? — Àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta, Mọ́dákẹ́kẹ́

Òótọ́ ni. Oṣù Kejìlá 2004 ni. Ilé-iṣẹ́ ọtí kan (kì í ṣe tiwa tó wà ní Omi-Àṣọrò o) gbé 50 Cent wá láti Amẹ́ríkà kó wá ṣeré káàkiri, wọ́n sì fi àwọn olórin Nàìjíríà kún un. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fò láti Èkó lọ sí Port Harcourt, Eedris lọ jókòó sí iwájú, níbi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àlejò àti àwọn èèyàn rẹ̀. Wọ́n ní kó dìde. Ó ní òun ò dìde. Ọ̀rọ̀ di ìjà, 50 Cent ò lọ mọ́, àwọn eré tó kù dàrú.

Nígbà náà, ọ̀pọ̀ èèyàn dá Eedris lẹ́bi, pé ó dójú tì wá níwájú àlejò. Ọkọ mi wà nínú wọn. Àwíjàre Eedris ni pé wọ́n ń fi olórin ilẹ̀ yìí sí ẹ̀yìn nínú ilé baba rẹ̀, wọ́n ń gbé àlejò gun orí. Ọ̀nà tó gbà ṣe é kò mọ́, mo gbà. Èèyàn lè sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn nínú ọ́fíìsì, kí wọ́n tó fọwọ́ síwèé. Àmọ́ lónìí tí àwọn ọmọ wa ń kún pápá ìṣeré nílùú òyìnbó, tí wọ́n ń sọ iye tí wọ́n fẹ́ kí wọ́n tó wọ bàálù, mo máa ń rántí àga yẹn. Ọkọ mi ṣì ní òun ò yí ọ̀rọ̀ òun padà.

Mo gbọ́ pé ó ti kú. — Láti Ìbòkun

Kò kú o! Ní 2022 ni kíndìnrín rẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló yọ kíndìnrín tirẹ̀ kan fún un. Ẹni tẹ́ ẹ ní ó kú ló kọrin fún ọmọ Ààrẹ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Ẹ yé máa gba gbogbo ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi, mo rí kásẹ́ẹ̀tì The Remedies tí mo rà nígbà tí mo wà ní girama nínú àpótí ìyá mi. Ó ti hu èbu funfun létí. Báwo ni mo ṣe lè gbé e sórí fóònù? — Aránṣọ, Ẹrẹ́jà

Àbúrò mi, má tíì fi sínú ẹ̀rọ kankan! Èbu yẹn á ran ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á tún fi ran kásẹ́ẹ̀tì mìíràn. Sá a sí ibi gbígbẹ tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, kì í ṣe inú oòrùn. Lẹ́yìn náà, fi báírò yí i lọ dé òpin, kó o tún yí i padà, jẹ́jẹ́, kí okùn tó lẹ̀ mọ́ra lè tú. Wo tìmùtìmù kékeré tó wà láàárín ẹnu kásẹ́ẹ̀tì náà. Tó bá ti já, tí kásẹ́ẹ̀tì náà bá sì jẹ́ onísíkúrúù, tú u, kó o gbé okùn ẹ̀ sínú èèpo kásẹ́ẹ̀tì mìíràn tó ṣì dáa.

Ẹ̀rọ tí kò níye lórí ni kó o fi gbọ́ ọ. Kó o tó fi sí i, àti lẹ́yìn tó o bá yọ ọ́, fi òwú àti spirit nu orí ẹ̀rọ náà. Wáyà olórí méjì, irú èyí tí wọ́n fi ń so fóònù mọ́ sípíkà, ni kó o kì bọ ihò tí wọ́n ń ki ìgbọ́hùn etí sí. Ki orí kejì bọ ihò gbohùngbohùn lára kọ̀ǹpútà. Audacity wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, òun ni kó o fi gba ohùn náà sílẹ̀, kó o wá gbé e láti ibẹ̀ sórí fóònù ẹ. Iye ìṣẹ́jú tí orin náà gùn ni wàá fi dúró tì í, ojú kìn-ín-ní, lẹ́yìn náà ojú kejì, kò sí ọ̀nà àbùjá. Kó o tó bẹ̀rẹ̀, ṣẹ́ eyín kékeré méjì tó wà lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì náà, kí ọmọ kan má baà fi ohùn ara rẹ̀ pa Eedris rẹ́.